Rédíò Kì Í Lọ Bá Ìkànnì, Ó Máa Ń Pè É Wálé Ni

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo ba rédíò bàbá mi jẹ́. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Rédíò náà ò ṣàìsàn o, mo kàn fẹ́ mọ ohun tó wà níkùn rẹ̀ ni. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì rí àpótí irin kéékèèké mẹ́rin níbẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Orí ọ̀kan pupa, ti ìkejì ní àwọ̀ ìyeyè, ti ìkẹta funfun, ti ìkẹrin dúdú. Lójú ọmọdé, suwíìtì ni. Orí kọ̀ọ̀kan sì ní ojú kékeré kan tí ẹnu ọ̀bẹ lè wọ̀. Mo bá ki ẹnu ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, mo yí gbogbo wọn.

Nígbà tí mo dá bátìrì padà, ariwo "ṣàààà" nìkan ló kù. Kì í ṣe ìkànnì kan ló lọ o. Gbogbo wọn ló lọ: ti Ìbàdàn, ti Èkó, àti ti Kútọnu tó máa ń wọlé lálẹ́. Ìyẹn ló dà mí láàmú jù. Tí mo bá ba nǹkan kan jẹ́, ṣé kò yẹ kó jẹ́ ìkànnì kan ṣoṣo ló máa kú ni? Kí ló pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà?

Bàbá mi mú èmi àti rédíò lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó ń tún rédíò ṣe. Bàbá náà wo inú rẹ̀, ó wá wo ojú mi.

"Ìwọ lo fọwọ́ kàn án, àbí?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, sà."

Kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Gbọ́, ọmọ mi. Rédíò kì í lọ bá ìkànnì níbi tó wà. Ó máa ń pè é wálé ni. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ń gbà wọlé. Ẹnu ọ̀nà yẹn lo tì."

Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó mọ̀ pé gbólóhùn péréte yẹn ti ṣàlàyé ọgbọ́n tó wà nínú rédíò, tẹlifísàn, fóònù àti díṣì tó wà lórí òrùlé yín. Ẹ jẹ́ ká jọ tú u wò.

Ariwo ọjà lẹ́nu áńtẹ́nà

Tí wọ́n bá ní Bond FM ti Èkó wà lórí 92.9, MHz ni wọ́n ń sọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìgbì rédíò wọn ń mì ní ìgbà 92,900,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iye ìgbà tí ìgbì ń mì yẹn la ń pè ní fíríkúẹ́ńsì. MHz kan jẹ́ ìgbà mílíọ̀nù kan, kHz kan jẹ́ ìgbà ẹgbẹ̀rún kan.

Áńtẹ́nà kì í ṣa ẹni tí yóò gbà. Bond FM, Radio Lagos tó wà lórí 107.5, àti gbogbo ìkànnì yòókù ló ń kọlù ú pọ̀, bí ohùn gbogbo ọlọ́jà ṣe ń dé etí yín lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ ọjà. Rédíò wá nílò asẹ́ kan tí yóò jẹ́ kí ọ̀kan kọjá, tí yóò sì dá àwọn tó kù dúró.

Asẹ́ yìí ni wàhálà. Ìkànnì FM kan gba àyè bíi 0.2 MHz. Tí ẹ bá wà ní agbègbè 100 MHz, ìdá kan nínú 500 nìyẹn. Asẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣòroó ṣe. Ẹyọ kan ò sì ní tó, ó máa ń gba bíi méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n tò tẹ̀léra. Ẹ wá rò ó wò: gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ yí ìkànnì padà, asẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jọ ṣí lọ sí ojú tuntun, kí wọ́n dúró síbẹ̀ gẹ́lẹ́, kí ojú wọn má sì fẹ̀ tàbí kó há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn èèyàn gbìyànjú rẹ̀ o. Púpọ̀ nínú rédíò tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1920 ní bọ́tìnnì yíyí mẹ́ta níwájú. Ẹ ó yí ti àkọ́kọ́, ẹ ó yí ìkejì, ẹ ó yí ìkẹta, kí ìkànnì kan ṣoṣo tó wọlé. Tí ẹ bá rí i tán, ẹ ó kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé kí ẹ má baà gbàgbé.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni ti ẹni tó ń lọ ata. Kì í gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kiri ojúlé. Ojú kan ni ẹ̀rọ náà wà, ata ló ń wá bá a. Tó bá jẹ́ pé a lè fi asẹ́ sójú kan, ká ṣe é dáadáa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ká sì máa kó ìkànnì tó bá wù wá wá bá a, wàhálà tán. Ìbéèrè tó kù ni: báwo lèèyàn ṣe ń kó ìkànnì tó wà lórí fíríkúẹ́ńsì kan lọ sórí òmíràn?

Ohun tí jẹnẹrétọ̀ méjì lè kọ́ wa

Ṣé ẹ ti wà níbi tí jẹnẹrétọ̀ kékeré méjì ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn rí? Ẹ ó gbọ́ tí ariwo wọn á máa lọ sókè, á máa bọ̀ wálẹ̀: wọ́ọ̀n... wọ́ọ̀n... wọ́ọ̀n. Kò sí èyí tó ń dá ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wọn. Tí ọ̀kan bá ń ró ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí èkejì sì ń ró ní ìgbà 52, "wọ́ọ̀n" méjì lẹ ó gbọ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Níbo ni méjì ti wá? 52 yọ 50 ni. Ìyàtọ̀ àárín wọn lẹ ń gbọ́ yẹn.

Reginald Fessenden, ọmọ Kánádà tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló mú èrò yìí wọ inú rédíò ní 1901. Ó fún un lórúkọ tó fà yọ láti inú èdè Gíríìkì: heterodyne, "agbára mìíràn". Ìgbì rédíò yára ju ohun tí etí lè gbọ́ lọ, ṣùgbọ́n tí ìgbì kan bá ń mì ní ìgbà 100,000, tí ẹ sì fi òmíràn tó ń mì ní ìgbà 101,000 pàdé rẹ̀, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 1,000. Etí ń gbọ́ ìyẹn kedere bíi fèrè.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Pé ìgbì méjì wà lójú kan náà nìkan ò tó. Ti jẹnẹrétọ̀ yẹn, ariwo wọn kàn ń ga, ó ń rẹlẹ̀ ni, jẹnẹrétọ̀ kẹta ò jáde. Kí ìgbì tuntun tó jáde lóòótọ́, ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa darí èkejì. Ibi tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ nínú rédíò ni wọ́n ń pè ní mixer. Ẹ fojú inú wò ó bí ìlẹ̀kùn. Ìgbì ìkànnì fẹ́ kọjá, ìgbì kejì ló sì ń ṣí ìlẹ̀kùn, tó ń tì í, láìsinmi. Ohun tó bá gba ẹnu ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kọjá kì í jẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Fíríkúẹ́ńsì tuntun méjì pàtàkì ló máa ń jáde: àròpọ̀ àwọn méjèèjì, àti ìyàtọ̀ wọn.

Ìgbì kejì yẹn, rédíò yín fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é ní local oscillator. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìgbì ilé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò

Rédíò bàbá mi, AM ni. Nínú irú rédíò bẹ́ẹ̀, ojú tí wọ́n sábà máa ń fi asẹ́ sí ni 455 kHz. IF ni àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń pe ojú náà. Ẹ wò ó:

Tí ìkànnì bá wà lórí 600 kHz, ìgbì ilé á wà lórí 1055. 1055 yọ 600 jẹ́ 455.

Tí ìkànnì bá wà lórí 900 kHz, ìgbì ilé á wà lórí 1355. 1355 yọ 900 jẹ́ 455.

Tí ìkànnì bá wà lórí 1200 kHz, ìgbì ilé á wà lórí 1655. 1655 yọ 1200 jẹ́ 455.

Ṣé ẹ ti rí i? Ìkànnì yòówù kó jẹ́, 455 ló ń já sí. Àròpọ̀ wọn náà ń jáde lóòótọ́, bíi 2255 fún ti 900, ṣùgbọ́n asẹ́ 455 ò ní jẹ́ kó kọjá. Ohun tí ẹ sì ń yí nígbà tí ẹ bá ń wá ìkànnì, ìgbì ilé ni. Asẹ́ gan-an ò kúrò lójú kan.

Ẹnì kan lè béèrè pé: ṣé ohùn olóòtú ò ní bàjẹ́ tí wọ́n bá yí fíríkúẹ́ńsì padà báyìí? Rárá. Bíi ẹni tó kó láti ilé kan lọ sí òmíràn ni. Ẹrù rẹ̀ ò yí padà, àdírẹ́sì ló yí. Ohùn tó gun ìgbì 900 náà ló gun ìgbì 455, wọn á wá gbé e ga, wọn á yọ ohùn jáde kúrò lára ìgbì, wọn á sì fi ránṣẹ́ sí sípíkà.

Ẹ wá padà sórí àpótí irin mẹ́rin ìjẹ́un. Àwọ̀ ìyeyè, funfun àti dúdú: asẹ́ 455 nìwọ̀nyẹn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ yí wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ sí ojú tirẹ̀. Ohun tí àkọ́kọ́ bá gbà, ìkejì á kọ̀ ọ́. Nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ìkànnì ń gbà, gbogbo wọn ló há síta. Èyí tó pupa ni ti ìgbì ilé. Ká ní òun nìkan ni mo yí ni, àwọn ìkànnì ò bá ṣì máa wọlé, àmọ́ wọn ò ní wà lójú nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rédíò mọ́.

Párísì, 1918

Àwọn tó sọ ọgbọ́n Fessenden di rédíò tí a mọ̀ lónìí ṣe é nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Edwin Armstrong, ọ̀gágun ọmọ Amẹ́ríkà tó wà ní Párísì, ni orúkọ rẹ̀ lókìkí jù. Gílóòbù tí wọ́n fi ń gbé ìgbì ga nígbà náà ò lè gbé ìgbì tó yára gan-an. Armstrong ní, tí a ò bá lè gbé e ga níbi tó wà, ká kọ́kọ́ mú un wálẹ̀. Ti Fessenden, ìyàtọ̀ ìgbì méjèèjì ni etí ń gbọ́. Armstrong fi ìyàtọ̀ náà sí òkè ibi tí etí gbọ́ dé, ìdí nìyí tí wọ́n fi fi "super" kún orúkọ rẹ̀: superheterodyne.

Òun nìkan kọ́ ló rò ó. Lucien Lévy ti kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Faransé ní 1917, Walter Schottky náà sì rò ó ní Jámánì ní 1918. Wọ́n jà gan-an lórí ta ló ni ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1924, irú rédíò yìí ti wà lórí igbá ní Amẹ́ríkà, bọ́tìnnì mẹ́ta sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun àtijọ́.

Òjìji tó ń bá ìkànnì rìn

Kò sí ohun tó dára tí kò ní àléébù. Ẹ padà sí ìṣirò àkọ́kọ́. Ẹ fẹ́ gbọ́ 600, ìgbì ilé wà lórí 1055. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí ìkànnì alágbára kan bá wà lórí 1510? 1510 yọ 1055 náà jẹ́ 455! Asẹ́ ò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn. Méjèèjì á jọ wọlé, ohùn á da pọ̀ mọ́ ohùn. Òjìji la lè pe ìkànnì kejì yìí, torí pé ibi yòówù kí ìgbì ilé dúró sí, ó wà ní òdìkejì.

Asẹ́ tó wà lẹ́nu áńtẹ́nà, kó tó dé mixer, ló gbọ́dọ̀ lé òjìji dànù. Kò ní láti tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀, torí òjìji jìnnà sí ìkànnì tòótọ́ ní ìlọ́po méjì IF. Bí IF bá ṣe ga tó ni òjìji ṣe ń jìnnà tó.

Ìyẹn ló jẹ́ kí nọ́ńbà FM lọ́gbọ́n nínú. IF ti FM jẹ́ 10.7 MHz. Tí ẹ bá tú rédíò kékeré kan, ẹ lè rí nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí wọ́n kọ 10.7 sí lára. Kí ló dé tó fi jẹ́ 10.7? FM bẹ̀rẹ̀ láti 87.5, ó parí sí 108. Àlàfo ibẹ̀ jẹ́ 20.5. Ìlọ́po méjì 10.7 jẹ́ 21.4. Ó ju àlàfo náà lọ! Nítorí náà, òjìji ìkànnì FM kan ò lè bọ́ sórí ìkànnì FM mìíràn láéláé. Òjìji 87.5 gan-an, 108.9 ló bọ́ sí.

Ta ló wá wà lókè 108? Ọkọ̀ òfurufú ni. Òjìji 107.5 wà lórí 128.9, láàárín ibi tí awakọ̀ òfurufú àti àwọn tó ń darí wọn ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí rédíò olówó pọ́ọ́kú tó wà nítòsí pápákọ̀ òfurufú fi lè ṣàdédé gbé ohùn wọn, bí ò tilẹ̀ já gaara.

Olùgbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́

Ibi tó yani lẹ́nu jù rèé. A máa ń rò pé rédíò kàn ń gbọ́ ni. Ṣùgbọ́n rédíò tó ní ìgbì ilé ń ṣe ìgbì tirẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń jò síta.

Ẹ lè dán an wò lónìí. Ẹ wá rédíò FM méjì, kó jẹ́ irú àtijọ́ tó ní abẹ́rẹ́ tó ń rìn lórí nọ́ńbà. Ẹ fi àkọ́kọ́ sí ibi tí kò sí ìkànnì, ní agbègbè 103, kí ẹ máa gbọ́ "ṣàààà". Ẹ gbé èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì rọra yí i ní agbègbè 92. Tó bá dé ibì kan, ariwo ti àkọ́kọ́ á dákẹ́ lójijì, bíi pé ẹnì kan fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ìgbì ilé ti èkejì ni rédíò àkọ́kọ́ ń gbọ́ yẹn: 92.3 pọ̀ mọ́ 10.7 jẹ́ 103. Rédíò ìgbàlódé tó ń fi chip ṣe ìṣirò lè má ṣe bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń lo 10.7 mọ́.

Nínú yàrá, eré lásán ni. Nínú ọkọ̀ òfurufú, kì í ṣe eré. Láti 108 dé 117.95 MHz ni àwọn ìgbì tó ń fi ọ̀nà han awakọ̀ wà, tó fi mọ́ èyí tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà balẹ̀ nígbà tí kùrukùru bá bo ojú. Amúlùdùn FM wà lórí 99.1 ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ lórí rédíò 10.7, ìgbì ilé rẹ̀ wà lórí 109.8, láàárín ibẹ̀ gan-an. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ní kí èrò má tan rédíò FM nínú ọkọ̀ òfurufú, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ba ìgbádùn èèyàn jẹ́. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò náà ń sọ̀rọ̀, kò kàn mọ̀ ni.

Láti òde wá sílé, láti ilé lọ sóde

Àwọn tó ń fi ìgbì ránṣẹ́ náà ń lo ọgbọ́n yìí, àmọ́ tiwọn ń lọ sókè ni. Fóònù yín ń ṣètò ọ̀rọ̀ yín nísàlẹ̀, níbi tí ìṣirò ti rọrùn, mixer á wá gbé e lọ sórí 900 tàbí 1800 MHz, kó tó jáde sí òpó. Níbẹ̀ náà, ohun tí wọn ò fẹ́ á jáde pẹ̀lú ohun tí wọ́n fẹ́. Tí wọn ò bá sẹ́ ẹ dànù, á bọ́ sórí ìlà ẹlòmíràn.

Tí fóònù bá sì ń gbọ́, ọ̀pọ̀ wọn ń fi ìgbì ilé sí ojú kan náà pẹ̀lú ìgbì tó ń bọ̀, kí ìyàtọ̀ wọn já sí òdo. Wọ́n ń ṣe é lọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ìgbì ilé méjì tí ọ̀kan fi ìdá mẹ́rin yíyípo kan ṣáájú èkejì. Tí wọ́n bá fi méjèèjì wéra, wọ́n á mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ àti èyí tó jẹ́ òjìji.

Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń ṣe díṣì tó ń yan 9750/10600 lórí tẹlifísàn rí? Ìgbì ilé nìyẹn! Inú LNB tó wà lẹ́nu díṣì ló wà, MHz sì ni. Ìgbì tó ń bọ̀ láti sátẹ́láìtì lè wà lórí 12,200 MHz. Tí wọ́n bá rán an gba inú wáyà bẹ́ẹ̀, wáyà á ti jẹ ẹ́ tán kó tó wọlé. LNB á yọ 10,600 nínú rẹ̀, 1,600 ló sì ń sọ̀kalẹ̀ wá bá dẹ́kódà. Tí ẹ bá yan nọ́ńbà tí kì í ṣe ti LNB yín, dẹ́kódà á máa wá ìkànnì níbi tí kò sí, bí díṣì bá tilẹ̀ kọjú síbi tó yẹ gẹ́lẹ́. Kí ẹ tó gun òrùlé lọ yí díṣì, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà yẹn ná.

Àbẹ́là

Bàbá yẹn ò lo irin láti tún rédíò wa ṣe. Igi ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló fi yí àwọn àpótí náà, torí irin máa ń tan wọ́n jẹ. Ó yí àwọ̀ ìyeyè díẹ̀, ó tẹ́tí. Ó yí funfun, ó tẹ́tí. "Ṣàààà" náà ń ga sí i, títí ohùn èèyàn fi yọ nínú rẹ̀. Ó yí dúdú, ohùn náà mọ́ gaara. Ó wá fi èyí tó pupa dá ìkànnì padà sójú nọ́ńbà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tan àbẹ́là, ó kán an sórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ọwọ́ ọmọ kankan má baà yí wọn mọ́.

Bàbá mi san owó. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé ilé. Ó gbé rédíò sórí tábìlì, ó tàn án, ó wá yí ojú sí mi. "Ó dáa. Ìgbì wo ló wà nínú ẹ̀? Ṣàlàyé fún mi."

Mi ò mọ̀ ọ́n ṣàlàyé lọ́jọ́ náà. Ohun tí ẹ kà tán yìí ni ìdáhùn mi.